Ikọ́ Mẹ́kà: fún ẹ̀yin tí màmá yín ń lọ Hájì

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní màmá yín tó ti lé lẹ́ni ọdún 65, tí wọ́n sì ní ikọ́ fée, ń lọ Hájì, àwọn èèyàn sì ń sọ pé kò sẹ́ni tó lọ tí kì í húkọ́ bọ̀. Ikọ́ yẹn wọ́pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú màmá tèmi níbẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdènà rẹ̀ wà, kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ẹ kọ́kọ́ bójú tó abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba Saudi sọ di dandan, tó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí wọ́n tó débẹ̀, àrùn yírùnyírùn ló wà fún. Kò dá ikọ́ dúró rárá, ọ̀pọ̀ sì rò pé tí àwọn bá ti gbà á, ó ti parí nìyẹn. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ flu fúnra yín, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìrìn àjò. Pẹ̀lú ọjọ́ orí màmá àti ikọ́ fée, ẹ bi dókítà nípa ti òtútù àyà náà. Màmá mi ní abẹ́rẹ́ ti pọ̀ jù. Dókítà ló bá mi bẹ̀ wọ́n.

Lójú tèmi, Mínà, ibi tí àgọ́ àwọn tó ń ṣe Hájì wà, ni ikọ́ ti ń ran èèyàn ju ìdí Káábà lọ. Ibùsùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn, ẹni tó ń húkọ́ kọjú sí yín mọ́jú, éésì ń fẹ́ atẹ́gùn kan náà káàkiri àgọ́. Kí màmá sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé orí sí ibi tí ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn wà. Ìyá kan nínú àgọ́ wa ṣàdédé ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru. Inhaler wọn, oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sẹ́nu, wà nínú báàgì ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Mẹ́kà. A sáré gbé wọn lọ sí kílíníìkì àwọn dókítà Nàìjíríà, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Inú báàgì ọrùn ni kí inhaler màmá wà, tọ̀sán-tòru, àti ní Àráfà àti Mùsídàlífà, ibi méjì mìíràn tí wọ́n máa dé nínú Hájì.

Àwọn kan á ní ìbòmú ń ba ìhúráàmù, ipò mímọ́ tí a ń wọ̀ fún Hájì, jẹ́. Àáfà tiwa ní níkáàbù, aṣọ ìbojú, àti ìbọ̀wọ́ ni wọ́n kọ̀ fún obìnrin, pé ìbòmú nítorí àìsàn kò léèwọ̀. Ẹ bi Àáfà tiyín nílé, kó má di àríyànjiyàn lẹ́nu tàwáfù, nígbà tí wọ́n bá ń yí Káábà ká. Kí wọ́n kó ìbòmú púpọ̀ dání, torí òógùn máa ń mú un tutù, èyí tó bá ti tutù kò wúlò mọ́. Ọṣẹ ìfọwọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ ní òórùn dídùn nínú ìhúráàmù. Ní Háráàmù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, kúláà Zamzam kan wà tí omi rẹ̀ kò tutù, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń mu, nínú kọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò.

Bí ikọ́ bá mú wọn, kí wọ́n má gba kápúsù lọ́wọ́ ará àgọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, oògùn bakitéríà bí Ampiclox kì í sì í pa á. Kí wọ́n jìnnà sí ràkúnmí àti wàrà rẹ̀ tí wọn ò sè, nítorí MERS, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba èémí jẹ́, tó ti wà níbẹ̀ láti 2012. Tí ibà tàbí èémí kúkúrú bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n padà, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé Saudi ni wọ́n ti ń bọ̀.