Kí ni ká máa wọ̀n nínú iṣẹ́ ìwádìí àjọṣe?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ àwa tó ń ṣe gààrí da ọwọ́ pọ̀ mọ́ yunifásítì kan àti àwọn wẹ́dà láti ṣe ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa lọ ẹ̀gẹ́. Ọdún méjì ni àdéhùn wa. Àwọn tó fún wa lówó fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n iye ìpàdé tí a ti ṣe nìkan la kọ sílẹ̀. Kí ni ká máa wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi ti ìpàdé sílẹ̀ ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ẹ̀gẹ́ gan-an. Kí ẹ̀rọ tuntun tó dé, ẹ wọn iṣẹ́ ti àtijọ́. Ẹ mú ẹ̀gẹ́ tútù 100 kílò, ẹ bó o, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi jáàkì fún un, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ kù ú, ẹ yan án, ẹ wọn gààrí tó jáde. Ẹ kọ wákàtí, lítà epo àti iye òṣìṣẹ́ sí i. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: wọ́n á wọn ti àtijọ́ nígbà ẹ̀rùn, wọ́n á wá wọn tuntun nígbà òjò. Ẹ̀gẹ́ ìgbà òjò lómi nínú, gààrí rẹ̀ á dín kù, wọ́n á sì ní ẹ̀rọ ni kò dáa. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, ẹ̀gẹ́ oko kan náà, tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà, ni kí ẹ pín sí méjì: ìdajì fún ẹ̀rọ àtijọ́, ìdajì fún tuntun, lọ́jọ́ kan náà. Kí gààrí méjèèjì sì gbẹ dọ́gba. Codex, ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, kò gbà kí omi inú gààrí ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí kò gbẹ á wúwo lórí síkéèlì, bẹ́ẹ̀ yóò bu nínú àpò.

Àjọṣe fúnra rẹ̀ náà ṣe é wọ̀n. Ẹ ní ìwé kan tí gbogbo yín á jọ máa kọ: ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́, ọjọ́ tí ẹ pe wẹ́dà, ọjọ́ tó dé, ohun tó tún ṣe. Bí ẹ bá fún yunifásítì lésì lóṣù kejì, tí àtúnṣe kò dé ara ẹ̀rọ títí di oṣù keje, ibẹ̀ ni àjọṣe yín ti ń jò, kódà bí ẹ ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi ohun tí oníkálukú ṣèlérí wé ohun tó mú wá: owó, irin, àkókò.

Àwọn tó fún yín lówó lè bi yín ní ipele TRL (Technology Readiness Level), òṣùwọ̀n 1 sí 9 tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe sún mọ́ lílò tó; ọ̀dọ̀ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ló ti wá. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí nìkan wà ní ipele 4. Ó di 7 nígbà tí ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń ṣe gààrí gan-an. Èyí tí ẹ ní ẹ̀rí rẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí owó wọn bá tán, ẹ ka iye àwọn tó ṣì ń lo ẹ̀rọ náà, àti iye àwọn tó ti fi owó ara wọn ra òmíràn.