Google ní 9, Scopus ní 4: èwo ni kí n kọ fún ìgbìmọ̀ ìgbéga?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni mí ní Òfà. Ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn obìnrin ọlọ́jà ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Mo fẹ́ kó ìwé sílẹ̀ fún ìgbéga, wọ́n sì ní kí n kọ h-index mi, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwọn èèyàn ṣe ń tọ́ka sí pépà ẹni. Nínú àwọn ìkànnì méjì tó ń kà á, Google Scholar ní 9 ni, Scopus ní 4 ni. Ẹnì kan tá a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 21. Orúkọ bàbá mi ni mo fi kọ àwọn pépà mi àkọ́kọ́, orúkọ ọkọ mi ni mo ń lò báyìí. Pépà tí mo sì fẹ́ràn jù, èyí tí mo fi oṣù mẹ́jọ ṣe láàárín ọjà, kò sí nínú Scopus rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ mú ìbéèrè inú rẹ̀ lò nígbà tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọlọ́jà wò. Èwo ni kí n kọ? Ṣé bí iṣẹ́ mi ṣe kéré tó nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ kọ méjèèjì. Ẹ kọ 4, kí ẹ fi orúkọ Scopus àti ọjọ́ tí ẹ wò ó tì í. Ẹ kọ 9, kí ẹ fi orúkọ Google Scholar àti ọjọ́ ti òun náà tì í. Nọ́ńbà tí a ò mọ ẹni tó kà á, tí a ò mọ ọjọ́ tó kà á, kò wúlò fún ìgbìmọ̀ tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ ọ́ lónìí. Látinú lẹ́tà yín, ó jọ pé orúkọ yín ló fọ́n ká, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì California tó wà ní San Diego, ló gbé h-index kalẹ̀ lọ́dún 2005. Ẹ lè fi bírò ṣírò rẹ̀ sórí bébà. Ẹ to pépà yín láti orí èyí tí àwọn èèyàn tọ́ka sí jù lọ títí dé èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́ka sí. Ká ní ẹnì kan ní pépà 12, tí ìtọ́kasí wọn lọ báyìí: 87, 23, 14, 9, 7, 6, 5, 3, 2, 1, 0, 0. Ẹ máa ka ipò wọn bọ̀ láti òkè. Ìkẹfà ní ìtọ́kasí 6, ó tó ipò rẹ̀. Ìkeje ní 5, kò tó 7, ẹ dúró níbẹ̀. 6 ni h-index ẹni náà. Tí ìtọ́kasí 87 yẹn bá di 870 lọ́la, 6 náà ni yóò ṣì jẹ́. Pépà kan ṣoṣo tó gba ayé kan kò lè gbé e sókè, pépà márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò kà kò sì lè fà á wálẹ̀. Kì í lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà tí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì. Nítorí náà ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ló sábà ń ga nínú rẹ̀. i10 tí ẹ ń rí lójú ewé Google ní tiẹ̀ rọrùn: iye pépà tí ìtọ́kasí wọn tó mẹ́wàá ni. Ti ẹni tá a ṣírò yìí jẹ́ 3.

Kí ló wá dé tí 9 fi di 4? Gààrí kan náà ni wọ́n ń wọ̀n, kóńgò wọn ni ò dọ́gba. Ọdún 2004 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Scopus, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Elsevier ní Netherlands, ní àwọn tó ń yan jọ́nà wọlé fún un. Jọ́nà tí kò bá wọlé, kò kà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jọ́nà tí à ń tẹ̀ nílé níbí kò sí níbẹ̀. Google kì í yan jọ́nà ní tiẹ̀. Jọ́nà, orí kan nínú ìwé, ìwé ìpàdé, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ PhD, àní PDF tí ẹnì kan gbé sórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Malété bá tọ́ka sí pépà yín nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, Google lè rí i, Scopus ò ní kà á. Google náà sì máa ń ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn. Mi ò fọkàn tán an tó Scopus, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ṣèwádìí nípa àwọn èèyàn àdúgbò rẹ̀ bíi tiyín, ojú rẹ̀ ríran jù.

Ó wá kan orúkọ. Bí èèyàn bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Abdulraheem, jọ́nà kan á kọ Abdul-Raheem, òmíràn á kọ AbdulRahim, ẹ̀kẹta á gé e sí méjì, á wá di Raheem A. Ọmọ Ìgbómìnà náà ò yọ. Ilé-ìwé ti kọ́ gbogbo wa láti máa kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ tó gbẹ̀yìn sì ni jọ́nà òkèèrè ń mú bí orúkọ ìdílé. Báyìí ni Ọláyínká, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ, ṣe ń di orúkọ ìdílé rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Tí obìnrin bá tún lọ sílé ọkọ, ó di ẹnì kejì pátápátá.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, oníṣègùn ọmọdé kan gbé pépà rẹ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá dúdú. Ó ní kò yé òun bí Scopus ṣe lè sọ pé 3 ni òun, lẹ́yìn ọdún méjìlá tí òun ti ń kọ̀wé. A jókòó, a ń wá orúkọ rẹ̀ lóríṣiríṣi bó ṣe lè jẹ́. Ibi mẹ́ta la ti bá a. Ìkíní, lórúkọ bàbá rẹ̀, ní pépà mẹ́rin, ìtọ́kasí wọn 8, 6, 4 àti 1: h-index 3. Ìkejì, orúkọ bàbá yẹn náà tí wọ́n fi àmì gé láàárín, ní pépà mẹ́ta, 7, 5 àti 2: h-index 2. Ìkẹta, lórúkọ ọkọ rẹ̀, ní méjì, 6 àti 5: h-index 2. Mo ní kó tò ó fúnra rẹ̀. 8, 7, 6, 6, 5, 5, 4, 2, 1. Ó ń fi ìka kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó dé ìkarùn-ún ó dúró, ó wo ojú mi. 5 ni. Kò fi lẹ́tà kan kún iṣẹ́ rẹ̀ o, iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni.

Bí ẹ ó ṣe ṣe tiyín nìyí. Ẹ lọ sójú ewé tí Scopus ti ń jẹ́ kí èèyàn wá orúkọ òǹkọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá orúkọ bàbá yín, ẹ wá ti ọkọ yín, ẹ yí orúkọ padà síwá sẹ́yìn, ẹ wá a láìfi àmì gé e. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti bá ara yín ni kí ẹ bẹ Scopus kí wọ́n pa pọ̀ sójú kan. Kò sí owó níbẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ẹ gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn olùṣèwádìí. Ọdún 2012 ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà onídíjíìtì 16 ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Orúkọ lè yí padà, nọ́ńbà yẹn kì í yí. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa fún gbogbo jọ́nà tí ẹ bá fi pépà ránṣẹ́ sí.

Google ní tiẹ̀ lè ṣe òdìkejì. Ó máa ń kó iṣẹ́ ẹlòmíràn wọlé tí orúkọ bá jọra. Mo ti rí dókítà kan tí pépà lórí ọ̀gbàrá àti pépà lórí oúnjẹ adìyẹ wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì mọ̀. Ìgbìmọ̀ ò ní sọ pé Google ló ṣì í, olè ni wọ́n máa pè é. Ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe tiyín, kódà tí 9 yín bá máa di 8.

Ní ti ẹni tó ní 21, ẹ má bá a jowú, ẹ má sì fojú kéré é. Ẹ kàn wo ẹni mélòó ló jọ kọ àwọn pépà rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìlera, pépà wà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn fọwọ́ sí; àwọn tó ń ṣírò ẹrù àìsàn jákèjádò ayé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló ń tọ́ka sí wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀ ló ń gba ìtọ́kasí náà ní kíkún, ìbáà ṣe òun ló darí iṣẹ́ náà, ìbáà ṣe ìsọfúnni ìlú kan péré ló fi ránṣẹ́. h-index kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀: àwọn tó ń ṣe ibà nínú láàbù pọ̀ káàkiri ayé, wọ́n sì ń tọ́ka sí ara wọn gan-an. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa nọ́ọ̀sì ìlú kékeré kò tó nǹkan. A kì í fi nọ́ńbà ẹ̀ka kan dájọ́ ẹ̀ka kejì.

Wọ́n lè bi yín ní impact factor pẹ̀lú, ìyẹn iye ìtọ́kasí tí àwọn pépà inú jọ́nà kan ń gbà ní ìpíndọ́gba. Ti jọ́nà nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Eugene Garfield, onímọ̀ ìsọfúnni ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ mú àbá rẹ̀ wá lọ́dún 1955, àwa ará ilé-ìkàwé sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i lò, láti fi mọ jọ́nà tí ó yẹ ká náwó lé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n gbé e lé èèyàn lórí. Ìwé àdéhùn San Francisco, DORA, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, sọ ọ́ gbangba pé ká má fi í díwọ̀n olùṣèwádìí. Ẹ lè tọ́ka sí i nínú lẹ́tà yín láìbẹ̀rù.

Ẹ sì má torí 21 ẹlòmíràn bọ́ sọ́wọ́ àwọn jọ́nà gbájúẹ̀. Ẹni tó bá ní òun gba pépà yín wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó wá ń dúnàádúrà owó pẹ̀lú yín lórí WhatsApp, owó yín ló ń wá.

Pépà ọjà Òfà yín ló ká mi lára jù. Òdo Scopus lórí rẹ̀ kò sọ pé ẹnikẹ́ni ò lò ó. Ó sọ pé Scopus ò wo ibẹ̀ ni. Ẹ wò ó bóyá jọ́nà náà wà lórí African Journals Online, ilé àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà tó ti wà láti ọdún 1998, kí ẹ sì kọ DOI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ pépà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ tó bá ní. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú lórí bébà ọ́fíìsì, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀: ìbéèrè wo ni wọ́n mú nínú pépà yín, ọdún wo, ọjà wo, obìnrin mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ fi ìwé ìbéèrè tí wọ́n lò gan-an tì í, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn èyí tó jẹ́ tiyín.

Nínú ìwé ìgbéga, ẹ yan pépà márùn-ún tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kà, kí ẹ fi eléyìí ṣe ìkíní. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà méjì nípa ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀: ẹni tó gbèrò iṣẹ́ náà, ẹni tó lọ sọ́jà, ẹni tó ṣírò, ẹni tó kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sísàlẹ̀ wọn. Tí Scopus bá pa orúkọ yín pọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, ẹ pa 4 yẹn rẹ́, ẹ kọ tuntun, kí ẹ sì yí ọjọ́ rẹ̀ padà.