Fáànù Kọ́ Ló Kó Ikọ́ Ran Ọmọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òtútù ti wọ ọmọ-ọmọ mi láyà. Oṣù méjì àbọ̀ ni, ìyá rẹ̀ kì í sì í pa fáànù. Àyà rẹ̀ ń dún, kò mu ọyàn dáadáa mọ́. Mo kán àdín sí i nímú, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi ń wúkọ́ díẹ̀, èmi náà (mo ti pé ẹni ọdún 71) ń wúkọ́, ṣùgbọ́n tiwa ò le. Ṣé kí n fún un ní ampiclox?

Ìdáhùn: Màmá, ọmọ oṣù méjì àbọ̀ tí kò mu ọyàn dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ẹ tó ka ìyókù. Lónìí ni o.

Ẹ fi ìyá ọmọ sílẹ̀. Orúkọ tí a fún àrùn yìí, òtútù àyà, ló ń tàn wá. Ikọ́ tiyín tí ẹ kà sí nǹkan kékeré ni mo dì mú. Mi ò tíì rí ọmọ náà, n kò lè búra, ṣùgbọ́n ó jọ RSV. Fáírọ́ọ̀sì ni, ara èèyàn ló sì ti ń wá. Díẹ̀ lọmọ tó ń pé ọdún 2 láì tíì kó o rí. Lára ẹ̀gbọ́n, ọ̀fìnkìn lásán ni. Ti ọmọ jòjòló yàtọ̀: ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tín-ín-rín, tó bá wú díẹ̀ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dí i, wàhálà dé. Ẹni tó nu imú tán tó wá gbé ọmọ, tó fẹnu kò ó lẹ́nu, òun ló ń kó o ràn án. Fáírọ́ọ̀sì náà tún ń lo wákàtí mélòó kan lórí tábìlì àti ohun ìṣeré. Lọ́jọ́ orí yín náà, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò.

Ampiclox kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Àdín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò mọ́ láéláé! Òróró tó bá gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè dá àìsàn mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí dókítà bá ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ máa ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún. Tó bá tó 50, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí ètè rẹ̀ dúdú, ẹ padà kíá. Ọyàn díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ̀yin, ẹ lo ìbòmú.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n ti ń fún aláboyún tí oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 28 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bi agbẹ̀bí yín.

Ní ti fáànù, ẹ jẹ́ kó máa fẹ́. Ooru ń mú ọmọ náà.