Sí ìyá ìkókó tí ojú ọmọ rẹ̀ pọ́n ní Muṣin

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kọ̀wé pé ọmọkùnrin yín pé ọjọ́ mẹ́rin lónìí, pé ẹyinjú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú láti àná, pé oorun rẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, àti pé ìyá yín ní kí ẹ máa gbé e sí oòrùn òwúrọ̀ kí ẹ sì máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Ẹ wá béèrè bóyá ẹ lè dúró di ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èsì mi ni pé kí ẹ má dúró. Ẹ gbé ọmọ náà lọ lónìí, kódà bí ilẹ̀ bá ti ṣú, sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n sì sọ iye bilirubin, ìyẹn ohun tí ó ń mú ojú ọmọ pọ́n, tí ó wà nínú rẹ̀ fún yín, tí wọ́n sì ní ẹ̀rọ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà pọ́njú ọmọ tuntun. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí yín ní Muṣin. Ẹ ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi nínú ọkọ̀.

Ohun tí ó ń mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé èmi náà dúró. Ọdún 2016 ni mo bí àkọ́bí mi, ọkùnrin, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta. Oṣù rẹ̀ pé, ó ké dáadáa, ó sì mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ọkọ mi, tí ó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti máa bá wa wẹ ọmọ, ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ pọ́n. Mo pe nọ́ọ̀sì tí ó gbẹ̀bí mi lórí fóònù, ó sì ní kí ọkàn mi balẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn ọmọ tuntun ṣe máa ń pọ́n, pé kí n máa gbé e sí oòrùn láti agogo méje sí agogo mẹ́jọ àárọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. A ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a fi aṣọ wé e kí òtútù má baà mú un, a sì ń fún un ní omi gúlúkóòsì pẹ̀lú ṣíbí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dà bí ẹni pé pípọ́n ojú náà ti dínkù, ṣùgbọ́n gílóòbù inú yàrá wa pàápàá pupa rúsúrúsú ni iná rẹ̀, gbogbo nǹkan tí ó wà nínú yàrá náà ni ó sì jọ bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó sùn láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ títí di agogo mẹ́rin ìdájí láìjí mu ọmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóru ọjọ́ náà pé ọmọ mi jẹ́ kí n sinmi. Títí di òní, ìyẹn ni ó ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, pé àmì ewu ni mo ń dúpẹ́ lé lórí. Nígbà tí ó jí, kò lè fa ọmú mọ́, igbe rẹ̀ ti yí padà, ó tinrin, ó sì ń lọ sókè bí ohùn fèrè, ó sì ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun tí ọdẹ fà. Ìdílé kan tí ó wà nínú ilé wa ni wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Bilirubin rẹ̀ jẹ́ 27 mg/dL, ó ti ga jù. Dókítà tí ó wo èsì náà kò bá mi jókòó láti sọ̀rọ̀, ńṣe ni ó ní kí ọkọ mi sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́fà láti ojú ìwọ́ rẹ̀, wọ́n ń fa tirẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá a níbẹ̀, lábẹ́ iná. Àdúrà nìkan ni bàbá àgbà rẹ̀ lè gbà fún un láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ó yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ pẹ́ kí ó tó le, nígbà tí ó sì pé ọdún kan àti oṣù méjì, ìkòkò kan já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní ilé ìdáná, kò yíjú. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀ láti yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún wa pé ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí dé ọpọlọ ti bàjẹ́ púpọ̀, pé ibà pọ́njú yẹn ni ó fà á. Ó ń lọ sí ilé ìwé báyìí, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ń ya àwòrán tí mo lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ògiri pálọ̀ wa, ọmọ tí inú mi ń dùn sí ni. Àmọ́ kò gbọ́ ohùn mi rí bí ó ṣe yẹ kí ọmọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ bí ìyẹn ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dókítà ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí yóò lò ní ayé lọ, bí ara rẹ̀ bá sì ṣe ń fọ́ èyí tí ó ti gbó ni bilirubin ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń yí i padà kí ìgbẹ́ lè gbé e jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó fún iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tí ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nọ́ọ̀sì wa kò purọ́ níbẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó fi fóònù ṣe ìdájọ́ ohun tí ojú pàápàá kò lè wọ̀n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, bilirubin náà á wọ inú ọpọlọ, ibi tí ó sì máa ń bà jẹ́ níbẹ̀ ni ibi tí ó ń darí ìgbọ́ràn àti bí ara ṣe ń yí. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́ tán, kò sí oògùn tí ó ń dá a padà. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n kí ó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún tilẹ̀ ti wà nínú ewu, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń dúró dè níbẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tèmi fọ́ tó bẹ́ẹ̀? Dókítà obìnrin kan gbé aṣọ tí a fi wé e, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bi mí pé, “Ìyá, ta ni ó fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ yìí?” Aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Wọ́n ti kó wọn sínú àpótí fún ọdún mẹ́rin pẹ̀lú káńfọ̀, àwọn nǹkan funfun roboto tí gbogbo wa mọ̀, kí aáyán àti kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ìyá ọkọ mi fi ìfẹ́ kó wọn wá, èmi náà sì kàn sá wọn fún ìgbà díẹ̀ ni, n kò fọ̀ wọ́n. Òórùn káńfọ̀ yẹn ń gba imú wọ ara ọmọ, ó sì ń gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Bí ọmọ náà bá jẹ́ irú èyí tí G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ní kíákíá. Kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ó tó nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ní ilẹ̀ wa. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, ìyá náà lè má mọ̀ rárá, bí èmi náà kò ṣe mọ̀. Ìyá ọkọ mi sunkún títí ní ọjọ́ náà, mo sì di í mú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún èmi náà ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi ń lọ gba ìtọ́jú aboyún.

Nítorí náà, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ tí ó bá ti bá káńfọ̀ gbé rí kúrò lára ọmọ, bí ẹ bá sì padà délé, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú wọ́dúróòbù. Bí ẹ bá ra òkìrìkà ọmọ, bóyá ní Yábàá tàbí ní Kàtàngùà, ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń fi káńfọ̀ pa á mọ́. Ẹ jìnnà sí ìpara aláta àti pàúdà tí ó máa ń tutù lára pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ oòrùn náà kò ṣàdédé wáyé, ẹ má sì bá ìyá yín jà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1958, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ jáde pé ìmọ́lẹ̀ ń dín bilirubin kù lára ọmọ tuntun, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ti rí i pé ibi tí oòrùn bá dé lára ọmọ kì í pọ́n tó ibi tí aṣọ bò. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ iná búlúù ti bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó wa níbí pàápàá, ní Island Maternity, wọ́n ti fi oòrùn tọ́jú àwọn ọmọ tuntun nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n ta nǹkan kan tí ó ń sẹ́ oòrùn bo ibi tí àwọn ọmọ wà, èyí tí ó ń dí apá oòrùn tí ó ń jó ara, wọ́n ń fi wọ́n síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́, àwọn oníṣègùn ń wo ìgbóná ara wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wákàtí kan ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú aṣọ lára, kò jọ èyí rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ rò pé ẹ ti ń tọ́jú ọmọ, ọjọ́ sì ń lọ.

Omi gúlúkóòsì kò gbé bilirubin jáde. Ọmú ni ó ń mú ọmọ yàgbẹ́, ìgbẹ́ ni ó sì ń gbé e lọ, omi tí ó bá kún ikùn rẹ̀ á wulẹ̀ gba ipò ọmú ni. Bákan náà ni omi ìbẹ́pẹ tí àwọn kan yóò dárúkọ fún yín, àti oògùn tí ó ń pa kòkòrò àrùn tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu.

Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ béèrè iye bilirubin náà kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, nítorí pé iye tí kò léwu fún ọmọ ọjọ́ márùn-ún lè léwu fún ọmọ ọjọ́ méjì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wo irú ẹ̀jẹ̀ tiyín àti tirẹ̀, pàápàá bí ẹ̀yin bá jẹ́ O. Bí wọ́n bá fi í sábẹ́ iná, wọn yóò bọ́ ọ sí ìhòòhò pẹ̀lú páḿpáàsì nìkan, wọn yóò sì di ojú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó já yín láyà. Ẹ máa jí i fún ọmú ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, bí kò bá sì lè fà á, ẹ fún ọmú yín sínú ife kí wọ́n fi fún un. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ dìde kí ẹ béèrè ìgbà tí wọn yóò tan jẹnẹrétọ̀, ẹ má tijú.

Ní ọdún 2020 mo bí èkejì, ọkùnrin náà ni. N kò jẹ́ kí káńfọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà wa. Láràárọ̀ ni mo ń gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti mọ́ dáadáa láti wo ẹyinjú rẹ̀, èrìgì rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé awọ ara àwọn ọmọ wa dúdú, ara nìkan kì í tètè fi í hàn. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i nínú ẹyinjú. Kí ó tó di ọ̀sán a ti dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi í sábẹ́ iná fún ọjọ́ méjì, G6PD tirẹ̀ náà kò tó, a sì gbé e padà sílé kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ tó pé. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo. Òun ni ó máa ń fi ọwọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ń kanlẹ̀kùn.

Mo wà níbí títí di òru. Bí wọ́n bá ti sọ iye náà fún yín, ẹ kọ ọ́ síbí kí n rí i.