Ìjàpá Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì: Ọdún Wo Ni Wọ́n Ṣe É?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Bàbá wa tó ti sùn fi Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí iná kankan, bọ́m̀pà ti lọ, gíláàsì ti fọ́ tán, a ò sì rí ìwé ọkọ̀ náà mọ́. Mo fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n n kò mọ ọdún tí màá dárúkọ fún àwọn tó ń ta pátì. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní owó kòkó ni wọ́n fi rà á kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, pé wíńdò kékeré tó ní ni ẹ̀rí. Màmá wa ní kò rí bẹ́ẹ̀, owó Údójì ni, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́. Fọ́tò mẹ́fà rèé. Ọmọ yín, Ọmọ Tíṣà.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Tíṣà, màmá rẹ ló sún mọ́ òótọ́ jù. Má tíì lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ o. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ná, kí o lè rí ẹnu bá àgbà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ panẹ́lì, ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ fún mi nípa Ìjàpá ni pé ohun tí sípánà bá lè tú kì í jẹ́rìí. Bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ọkọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn, bónẹ́ẹ̀tì àti ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè pààrọ̀ gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti rí èyí tí fẹ́ńdà iwájú rẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ ní ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ni ín sì ń búra pé bóun ṣe rà á nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi wo fẹ́ńdà tó o yà sí fọ́tò àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ láti ilé iṣẹ́ ni mo wò: òpó òrùlé, ojú wíńdò, dáṣíbọ́ọ̀dù, àti irin tí bónẹ́ẹ̀tì ń tì sí.

Fọ́tò kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ihò róbótó tí sípídómítà ń wà wà lápá òsì, ihò tí ọ̀pá síárìn ń gbà kọjá náà wà lósì. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà látilẹ̀wá. 2 April 1972 la kúrò lọ́wọ́ òsì. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì là ń ṣe, síárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbí sì wà lọ́tùn-ún. Lóòótọ́, àwọn kan gbé síárìn wọn lọ sósì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní àpá: wọ́n á ti fi páànù lẹ ihò àtijọ́ tó wà lọ́tùn-ún. Mo fẹ fọ́tò rẹ títí ojú fi ń ro mí, n kò rí àlẹ̀mọ́ kankan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ò purọ́ lórí wíńdò o. Òun gan-an la fi ń ka ọjọ́ orí Ìjàpá. Àwọn ará Jámánì pín gíláàsì ẹ̀yìn sí méjì títí di March 1953, irin sì wà láàárín. Ó wá di ẹyọ kan, róbótó bí ẹyin, títí di July 1957. Lẹ́yìn rẹ̀ ló fẹ̀, tó sì ní igun mẹ́rin. Ní August 1964 wọ́n fẹ gbogbo wíńdò lójú, òpó àárín wọn sì di tẹ́ẹ́rẹ́. Ní August 1971 ti ẹ̀yìn tún ga sí i. Tìrẹ bá ti 1957 sí 1964 mu rẹ́gí, òpó rẹ̀ sì nípọn. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ la dúró sí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti jàre.

Ṣùgbọ́n wo òpó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìjàpá àtijọ́ ní ihò tóóró níbẹ̀, tí ọwọ́ kékeré kan tó ní iná ti máa ń nà jáde láti fi ibi tí awakọ̀ ń yà sí hàn. Ọwọ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ tiráfíkétọ̀. Ó ti lọ tipẹ́, ní 1960 ni Jámánì pa á tì, orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń pe iná tó rọ́pò rẹ̀ títí dòní. Òpó tìrẹ dán gbọnrangandan, kò sí ihò, kò sí ibi tí wọ́n dí. Ọ̀rọ̀ kí òmìnira tó dé ti ń mì nìyẹn.

Fọ́tò karùn-ún ló wá parí ẹjọ́. Títí di July 1967, bónẹ́ẹ̀tì Ìjàpá gùn, ẹnu rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa. Láti August ọdún náà, Jámánì gé e kúrú, wọ́n gbé bọ́m̀pà sókè, wọ́n sì mú kí irin tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ga sí i. Sípánà lè tú bónẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò lè tú irin ìsàlẹ̀ yẹn. Tìrẹ ga. Wàyí o, wíńdò kékeré parí ní Jámánì ní 1964, bónẹ́ẹ̀tì kúkurú sì bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Àwọn méjèèjì ò pàdé níbẹ̀ rí. Brazil ni wọ́n ti pàdé. Fusca ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà lọ́hùn-ún, wọn ò sì fẹ wíńdò yẹn lójú títí wọ́n fi ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1996.

Báwo ni ti Brazil ṣe dé Ìjẹ̀bú-Igbó? Ìlú Ọjọ́ ní Èkó ló gbà, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pè ní Volkswagen. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀, ẹ̀yà Ìjàpá wọn sì ń ti Brazil wá nínú àpótí. (Ọkọ̀ Igala tí àwọn ìyá yín ń wọ̀ nígbà náà, Brasilia ti Brazil ni, orúkọ la yí.) 1975 yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ná owó Údójì. Bàbá rẹ sì jẹ́ tíṣà.

Ohun kan ló lè da ọ̀rọ̀ mi rú: kí ẹnìkan ti gé òrùlé ọkọ̀ kan lé òmíràn lórí. Yọ òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́, fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí o sì fà á lára òpó kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Ibi tí kò bá ti gbá mọ́ irin, fílà, ìyẹn ohun tí àwọn panẹ́lì fi ń dí ojú irin kí wọ́n tó kùn ún, ló wà níbẹ̀, abẹ́ fílà sì ni ojú jíjó máa ń sá sí. Há a kúrò, kí o wò ó.

Lẹ́yìn náà, gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Nọ́ńbà ṣáásí wà lórí irin tó yọ gannboro láàárín ilẹ̀ ọkọ̀. Fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́ mọ́jú, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gíráńdà débẹ̀! Fi ṣọ́ọ̀kì pa á, nu ojú rẹ̀, nọ́ńbà á funfun jáde. Nọ́ńbà Jámánì láti August 1964 rọrùn: 11 ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kẹta sì dúró fún ọdún, bíi 118 fún 1968, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní August 1967. Bóòtù ló so ara Ìjàpá mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ o. Bí nọ́ńbà bá ta ko ohun tí mo sọ, á jẹ́ pé ilẹ̀ ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé ara yìí lé.

Ní ti pátì, má ra wíńdíṣíìlì Jámánì ti 1965 síwájú, kò ní wọ ihò rẹ. Gé páálí sí ìwọ̀n ojú ihò náà gan-an, kí o mú un lọ sí Ládípọ̀, ọjà pátì ní Èkó. Ríìmù ńkọ́? Fọ́tò rẹ ò fi họ́ọ̀bù hàn. Ka bóòtù rẹ̀ kí o tó náwó: márùn-ún ni ti àtijọ́, mẹ́rin ni ti ìkẹyìn, ọ̀kan kì í wọ èkejì.