Ẹ Bi Bàbá Riwáyà: Súìṣì Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ń Gbóná

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen Beetle 1963 kan ni mò ń tún ṣe, iná fólítì 6 ló ń lò. Súìṣì iná iwájú rẹ̀ le. Bí mo bá fà á, iná á tàn, á máa ṣẹ́jú, ìdí súìṣì náà á sì gbóná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ki gírísì bọ̀ ọ́, òmíràn ní WD-40 ni kí n fín sí i. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Má ṣe ìkankan nínú méjèèjì, ọmọ mi. Ooru yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ojú ibi tí irin méjì ti ń pàdé nínú súìṣì náà ti dọ̀tí, bóyá bàbà rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé tàbí gírísì àtijọ́ ti gan mọ́ ọn. Tipátipá ni iná fi ń kọjá níbẹ̀, ipá yẹn ló ń di ooru. Fólítì 6 tún wá dá kún un. Gílóòbù oníwáàtì 45 méjì ń fa ámpù 15 lórí fólítì 6. Lórí fólítì 12, ámpù 7.5 ni. Bí ámpù bá sì di ìlọ́po méjì, ooru ojú ibẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

WD-40 mọ omi í lé, kì í ṣe ohun tó ń pẹ́ lára irin. Yọ orí bátìrì, kí o tú súìṣì náà. Rọra ṣí etí irin tí wọ́n fi ká a pa, torí bó bá ṣẹ́, ó ṣẹ́ náà nìyẹn. Tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀; sípíríǹgì àti bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ mọ̀ ọ́n fò. Fi contact cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú ibi tí iná ti ń kọjá) àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bí bàbà bá ṣì dúdú, fi sáńpépà tó kúnná gan-an rà á. Má lo kànìnkànìn onírin láéláé: fọ́nrán rẹ̀ á kù síbẹ̀, á so iná pọ̀ níbi tí kò yẹ.

Bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá tó ń yọ̀ ló nílò gírísì, ìwọ̀n orí ìṣáná sì tó. Ojú bàbà ní tirẹ̀, fásílìn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kí o sì nù ún títí yóò fi kù díẹ̀ kó má hàn mọ́. Gírísì sílíkóònù dára fún róbà, èyí tí fásílìn ń bà jẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dé ibi tí iná ti ń ta pàrà. Á di èérún bíi yanrìn tí iná ò lè gbà kọjá.

Tí o bá tò ó tán, tan iná, fi mítà wọn ẹnu wáyà tó wọlé àti èyí tó jáde. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ju fólítì 0.2 lọ, tún un tú.

Ààbò tó ga jù lójú mi ni relay fólítì 6 méjì (súìṣì tí iná kékeré ń tì kó lè gbé iná ńlá), pẹ̀lú fíúsì nítòsí bátìrì. Ìgbà náà, ohun tí súìṣì yóò máa gbé fún iná iwájú kò ní tó ámpù kan. Mo bẹ̀ ọ́, fi sí i. Súìṣì ògidì ọkọ̀ yẹn kò rọrùn láti rí mọ́.

Súìṣì ẹsẹ̀ tó ń yí iná gíga sí kékeré ni kí o tún yẹ̀ wò, ẹrẹ̀ àti omi máa ń wọ ibẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ kò fẹ́ gírísì, ìyẹ̀fun gráfáìtì díẹ̀ ló fẹ́. Ìyẹn sì ń gbé iná o, má jẹ́ kó dà sórí súìṣì ẹ̀yìn rẹ̀.