Èsì: Kẹ̀kẹ́ ológeere ní Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere la erékùṣù Gberefu kọjá dé etí òkun. Ẹ má gùn ún níbẹ̀. Ìlú ni kí ẹ ti gùn ún, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ní erékùṣù.

Iyanrìn ni ọ̀nà tó lọ sí ibi àrèmabọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Táyà tínńrín á máa rì, ẹ ó kàn máa ti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn ni. Bí táyà yín bá fẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù, ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe ìgbafẹ́ mọ́.

Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Marina láàárọ̀ kùtù. Atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ sí yín lára. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, wà níbẹ̀.

2. Ẹ yà sí ilé Sẹ̀ríkì Abass. Ẹ wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí, kí ẹ wo bí fèrèsé rẹ̀ ṣe kéré tó. Wọ́n ti kó Sẹ̀ríkì fúnra rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì rí, ó padà wálé, òun náà sì di olówò ẹrú. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wúwo.

3. Ẹ fi àgádágodo ti kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlú, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu. Ẹ dúnàádúrà àlọ àtàbọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì gbé omi mímu dání.